Gáréèjì tó di sítọ́ọ̀: Bí ayálégbé ṣe lè dènà òjò àti ọ̀rinrin kí ọjà rẹ̀ má baà bàjẹ́

Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀, inú àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àgbàdo sílẹ̀ a máa dùn, ṣùgbọ́n àyà oníṣòwò tó kó ọjà sínú sítọ́ọ̀ tó ń jò a máa já. Àwọn àgbà ló sọ pé òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ohun tó wá ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé eji tún ń pa ẹni tó ti sanwó ọdún kan tàbí méjì fún onílé, tó ní òrùlé lórí, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá bíi Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Èkó, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àsìkò tí owó epo rọ̀bì gbèrú lẹ́yìn ọdún 1970 ló ní gáréèjì nínú ọgbà. Kì í ṣe gáréèjì tí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò ni ọ̀rọ̀ kàn, yàrá tí onílé kọ́ láti máa gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí ni. Nígbà tó yá, onílé dàgbà, ọkọ̀ di títà, àwọn ọmọ sì ti ní ilé tiwọn. Ni onílé bá gbé ilẹ̀kùn onírin sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì náà, ó sì fi háyà. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà wà níbẹ̀, káfíńtà àti télọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó kòkó, àgbàdo àti gààrí wá láti abúlé náà a máa háyà irú rẹ̀ láti fi dúró de ọjọ́ tí ọjà yóò gbówó lórí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kò kọ́ gáréèjì fún ọjà. Ọkọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọkọ̀ kò sì bẹ̀rù omi díẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilẹ̀ gáréèjì máa ń bá ilẹ̀ àgbàlá dọ́gba kí táyà lè rí i wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Òmíràn tiẹ̀ wà tí àgbàlá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo omi àgbàlá ló ń sáré wá síbẹ̀. Òrùlé rẹ̀ a máa fara ti ògiri ilé ńlá, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé sì ni omi fẹ́ràn jù lọ. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ fẹ́ǹsì ọgbà gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n.

Ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe fún ọjà

Omi tó ń kán tó, tó, tó láti òkè kì í pẹ́ tú ara rẹ̀ fó. Ọ̀rinrin tó ń rọra yọ́ wọlé láti ilẹ̀ àti ara ògiri ló burú jù, nítorí kò láriwo. Àpò sìmẹ́ńtì kan, tó jẹ́ kìlógíráàmù 50, kò dìgbà tí omi bá kán sí i kó tó bàjẹ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú kó máa dì kọ́rọ́kọ́rọ́ láti ìsàlẹ̀ wá, bó bá sì ti dì, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá fọ́ ọ, tó tún tà á fún ẹlòmíràn, ilé tó máa wó ló ń bá wọn kọ́ yẹn.

Ti oúnjẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkó tó gbẹ dáadáa kì í ní omi ju nǹkan bí ìdá 7 tàbí 7 ààbọ̀ nínú 100 lọ. Bó bá ti kọjá ìdá 8, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu, àwọn tó ń ra kòkó kò sì ní fojú rere wò ó. Àgbàdo tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú pẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní omi ju ìdá 12 tàbí 13 nínú 100 lọ. Bí àgbàdo àti ẹ̀pà bá bu, ohun tó ń hù lára wọn lè pèsè májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Fífọ̀ kò lè mú un kúrò tán, iná ìdáná kò sì lè pa á tán. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣa èyí tó bu kúrò, kó wá lọ ìyókù fún ọmọdé mu ní ògì.

Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé

Kí ẹnikẹ́ni tó ra kóòtà tàbí kó pe bírikilà, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Àìmọ èyí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn náwó lẹ́ẹ̀mẹta sórí ohun kan ṣoṣo. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà: omi lè ti òkè wá, ó lè gba ara ògiri wọlé, ó lè ti inú ilẹ̀ gòkè, ó sì lè jẹ́ inú ilé gan-an ló ti ń làágùn.

Èyí tó ti òkè wá a máa fi àmì róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ lára àjà. Èyí tó gba ara ògiri wọlé a máa pọ̀ sí i lẹ́yìn òjò oníjì, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Èyí tó ti inú ilẹ̀ gòkè kì í sábà kọjá nǹkan bíi mítà kan lára ògiri. Ọ̀dà a bó, ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ a sì yọ síta níbi tó bó. Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo kẹrosíìnì gòkè ni búlọ́ọ̀kù náà ń fa omi láti inú ilẹ̀, pàápàá bí àwọn tó kọ́lé kò bá fi ọ̀rá tó nípọn sí àárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ló bá omi gòkè, omi gbẹ, iyọ̀ ṣẹ́ kù.

Ti ìkẹrin ni òógùn. Nígbà tí páànù bá tutù lóru, ọ̀rinrin inú ilé á dì mọ́ abẹ́ rẹ̀, á sì máa kán bí òjò ní ìdájí. Ọ̀pọ̀ ló ti gun òrùlé lọ wá ihò tí kò sí níbẹ̀ nítorí èyí.

Ọ̀nà tó rọrùn wà láti mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ àti èyí tó jẹ́ òógùn. Kí wọ́n gé ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ kedere ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ níbùú àti lóòró, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lábẹ́ ọ̀rá, ilẹ̀ ló ti wá. Bó bá jẹ́ orí ọ̀rá ni omi wà, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Fún òrùlé àti ògiri, kí ẹnì kan wà nínú ilé, kí ẹnì kejì máa fi rọ́bà da omi síta láti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi yóò ṣàn bo gbogbo ibi tó là, wọn kò sì ní mọ èyí tó ṣe é.

Ta ló yẹ kó tún un ṣe?

Ìbéèrè yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín onílé àti ayálégbé. Onílé á ní bí ayálégbé ṣe bá ilé nìyẹn. Ayálégbé á ní òun kò lè fi owó òun tún ilé onílé ṣe. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 là á kalẹ̀ pé, àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, onílé ni yóò máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo èrò jọ ń lò ṣe, ayálégbé ni yóò sì tọ́jú ibi tó háyà kó má baà bàjẹ́ ju bí ìlò ṣe lè bà á jẹ́ lọ. Òfin náà kan ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìtajà bó ṣe kan ilé gbígbé, ṣùgbọ́n ó yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ó tún sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ yí nǹkan padà lára ilé láìgba àṣẹ onílé ní kíkọ sílẹ̀, àti pé ẹni tó bá gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kó tó tún ilé ṣe lè béèrè owó rẹ̀ bí onílé bá ní kó kó jáde.

Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní òfin tiwọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀: ìwé ló ń sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́. Bí onílé bá ní, "Ẹ máa tún un ṣe, ẹ ó yọ ọ́ nínú owó ilé," ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn títí wọn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n á kọ iye owó, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Kí ayálégbé ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tó rà. Bí àgbà bá wà láàárín wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ síbẹ̀. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ alárinà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí kò tíì sanwó ló wà ní ipò tó dára jù. Kó lọ wo ilé náà nígbà tí òjò ń rọ̀ tàbí ní ọjọ́ kejì òjò. Kó gbóòórùn inú rẹ̀, kó wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn onírin bóyá ó ti dógùn-ún, kó sì fọwọ́ pa ògiri ẹ̀yìn. Bó bá rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, tí òkè kò rí ọ̀dà tuntun, kó béèrè ohun tí wọ́n fi ọ̀dà náà bò.

Òrùlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú

Bí òrùlé bá ń jò, owó tí wọ́n bá ná sórí ilẹ̀ àti ògiri ṣòfò ni. Lára páànù, ojú ìṣó ni omi sábà máa ń gbà. Orí ibi tó yọ sókè lára páànù ló yẹ kí ìṣó wà, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fìlà ìṣó náà. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti jó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí páànù méjì ti gorí ara wọn lóròó kò yẹ kó dín ní ínṣì 6. Ibi tí òrùlé gáréèjì ti fara ti ògiri ilé ńlá, sìmẹ́ńtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kì í pẹ́ là, nítorí páànù ń fẹ̀ nínú oòrùn, ó sì ń sún kì nínú òtútù. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n gbẹ́ ojú ìlà sára ògiri, kí wọ́n ki etí páànù pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bo orí òrùlé, kí omi lè yọ̀ kúrò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ dẹ́kìn kankéré ni, kí wọ́n wò ó bóyá ewé ti dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Omi tó bá dúró lórí kankéré fún ọjọ́ mẹ́ta yóò wá ọ̀nà ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe, tó sì gbẹ pátápátá, ni wọ́n tó lè fi kóòtà dúdú tàbí awẹ́ oníkóòtà tí wọ́n ń fi iná lẹ̀ bò ó.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn tí ilé wọn ti pẹ́. Páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì pọ̀ lórí ilé àtijọ́. Eruku rẹ̀ máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ ọ, kó má fi ayùn rẹ́ ẹ, kó má sì fi búrọ́ọ̀ṣì há a ní gbígbẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kí onílé pè.

Ògiri àti àyíká rẹ̀

Ìta ni wọ́n ti ń gbógun ti omi ara ògiri. Ẹni tó kun ọ̀dà adènàomi sí inú nìkan, ńṣe ló ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí olè ti wọlé. Omi tó wà nínú búlọ́ọ̀kù á ti ọ̀dà náà láti ẹ̀yìn títí yóò fi bó. Yanrìn, ìdọ̀tí tàbí ilẹ̀ ọgbà òdòdó tí wọ́n kó ti ògiri níta, kí wọ́n kó o kúrò, kí ilẹ̀ ìta lè rẹlẹ̀ ju ti inú lọ. Kí wọ́n da kankéré pẹlẹbẹ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, kí omi òrùlé tó bá já sílẹ̀ má baà ta sára rẹ̀. Bí owó bá wà fún gọ́tà etí òrùlé, ó dára bẹ́ẹ̀.

Ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí ògiri bá ti là, kí wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tó fi àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí yanrìn ìwọ̀n mẹ́ta dí i. Bí ibẹ̀ bá tún là lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló ń rì, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá ti ayálégbé. Ògiri tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó gba ọ̀dà.

Ilẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà

Bí àyẹ̀wò ọ̀rá bá fi hàn pé ilẹ̀ ló ń mú omi wá, àtúnṣe tó pẹ́ títí ni kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí ilẹ̀ àtijọ́, kí etí èyí gorí ìyẹn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí wọ́n sì ká a sókè díẹ̀ lára ògiri. Orí rẹ̀ ni wọn yóò da kankéré tuntun tó nípọn tó ínṣì 3 tàbí 4 lé: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Kí wọ́n máa fi omi rin ín fún ọjọ́ méje kó má baà là. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ wọn ilẹ̀kùn, kó má jẹ́ pé ilẹ̀ tuntun kò ní jẹ́ kó ṣí mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n fi kankéré ṣe òkìtì kékeré tó ga tó ínṣì 2, kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà tóóró síwájú rẹ̀, kí wọ́n fi irin bo ojú rẹ̀, kí omi àgbàlá lè gba ibẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kékeré yìí nìkan ti gba ọ̀pọ̀ ọjà là.

Afẹ́fẹ́, iná àti jẹnẹrétọ̀

Àṣìṣe tó ń tẹ̀lé àtúnṣe ni kí wọ́n dí gbogbo ihò pátá. Ilé tí kò mí yóò làágùn. Kí ihò afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀ ògiri kan àti lókè ògiri kejì, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó nítorí eku. Ibi tí omi bá ti ń kán sára wáyà iná, kí wọ́n pa iná ibẹ̀ láti orí mítà, kí wọ́n sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri tó tutù. Kò sì sí òjò tó yẹ kó mú ènìyàn gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú gáréèjì. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa odindi ẹbí sójú oorun.

Bí owó kò bá tó

Ayálégbé tí owó rẹ̀ kò ká àtúnṣe ńlá ṣì lè gba ọjà rẹ̀ là. Kó to pákó sílẹ̀ kí ọjà ga tó ínṣì 6 sílẹ̀, kó fi àyè ẹsẹ̀ bàtà kan sí àárín ọjà àti ògiri, kó má to sìmẹ́ńtì ju àpò mẹ́wàá lọ sórí ara wọn, kó sì kọ́kọ́ ta èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Fún ẹ̀wà àti àgbàdo, àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tí ọ̀rá méjì wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin àti kòkòrò ráyè. Ṣùgbọ́n ohun tó tutù tí wọ́n bá dì sínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni yóò ti bu.

Àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ìgò dán àgbàdo rẹ̀ wò. Kó da àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, kó bu iyọ̀ gbígbẹ sí i, kó dé e, kó mì í dáadáa, kó sì gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi àgbàdo náà ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ, kó dá a padà sínú oòrùn. Bí kò bá lẹ̀, ó ti kúrò ní tútù, àmọ́ kó tún sá a díẹ̀ sí i bó bá fẹ́ kó pẹ́.

Gbogbo iṣẹ́ yìí ní àsìkò tirẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ni ògiri ń gbẹ, tí kóòtà ń mú, tí bírikilà sì ń ráyè. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àrá bá sán ní oṣù kẹta, àárín omi ni yóò ti máa lẹ nǹkan. Kò sì sí ọ̀rá tàbí kóòtà tó lè dá àgbàrá dúró. Àwọn tó rí ìkún omi Ògùnpa ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, àti èyí tó tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, mọ̀ pé sítọ́ọ̀ tó wà létí odò kò ní àtúnṣe mìíràn ju kí ènìyàn kó ọjà rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ.

Fún àwọn yòókù, òwe àwọn baba wa ṣì dúró: ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí onílé àti ayálégbé jókòó báyìí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, kí wọ́n fẹnu kò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé.